A Tẹ̀lé Odò Pupa: Àkọsílẹ̀ Ọjọ́ Mọ́kànlá

Ọjọ́ kìíní, Àìkú. Nerva

A wọ Nerva nírọ̀lẹ́, ó ti rẹ gbogbo wa. Àwa mẹ́ta la wà nínú ọkọ̀: ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ wa, ẹ̀gbọ́n kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé, àti èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tèmi. Odò Tinto la wá tẹ̀ lé, láti orísun rẹ̀ lórí òkè ní gúúsù Sípéènì títí dé Huelva, níbi tó ti ń wọ òkun. Odò náà gùn tó nǹkan bí 100 kìlómítà. A ó máa bu omi rẹ̀, a ó máa wa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ká lè mọ ibi tí bàbà, òjé, arsenic, cadmium, uranium àti àwọn ọmọ uranium (àwọn èròjà tí uranium ń dà bó ṣe ń tú ìtànṣán jáde) ń gbà, ibi tí wọ́n ti ń sinmi, àti ohun tó ń jí wọn gbéra. Lẹ́yìn odò, a ó forí lé Palomares ní ìlà-oòrùn nítorí plutonium, èròjà inú bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù.

Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀pọ̀ wọn ni pé iye nìkan ni wọ́n ń sọ: òjé báyìí-báyìí nínú ilẹ̀, radium báyìí-báyìí nínú omi. Iye ṣe pàtàkì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òjé tó há sínú òkúta àti òjé tó ti yòrò sínú omi kì í ṣe ọ̀kan náà fún ẹni tí yóò mu omi ọ̀hún. Ìbéèrè méjì ni mo kọ sí ojú-ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé mi: Kí ló dì mọ́? Kí ni yóò tú u?

Ká tó sùn, a ka ike 120, a yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú ásíìdì ni wọ́n ti wà ní láàbù fún odidi ọ̀sẹ̀ kan ká tó fi omi mímọ́ gaara ṣàn wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, torí ìdọ̀tí tójú kò rí lára ike lè ju ohun tí a wá wò nínú odò lọ. Mo fẹ́ fọwọ́ lásán ṣí ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n dì mí lọ́wọ́ mú.

"Àbúrò, wọ ìbọ̀wọ́ ná. Ohun tí ọwọ́ rẹ bá fi sínú ike yìí, ẹ̀rọ yóò kà á mọ́ ti odò."

Ọjọ́ kejì, Ajé. Peña de Hierro

Ibi tí odò náà ti ń sẹ̀ kò jìnnà sí ibi ìwakùsà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Peña de Hierro, ìyẹn Àpáta Irin. Mo ti rí àwòrán rẹ̀ tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ẹnu yà mí. Omi náà pupa bí osùn tí a pò, ó sì tún mọ́ kedere: tí a bá bù ú sínú ike, a ń rí ìsàlẹ̀ ike. Pupa yẹn kì í ṣe ẹrẹ̀. Irin ni, irin tó yòrò pátápátá.

Mo ki ẹnu ẹ̀rọ pH, èyí tó ń wọn bí omi ṣe kan tó, bọ̀ ọ́, ó dúró sí 2.4. Omi mímọ́ lásán jẹ́ 7, ìpele kan sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, nítorí náà kíkan omi yìí ju ti omi lásán lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 40,000.

Pyrite ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà, òkúta tó ń kọ mànà bí wúrà, tí kò sì ju irin àti imí-ọjọ́ lọ. Tó bá wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, kò bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà. Bí afẹ́fẹ́ àti omi bá kàn án, imí-ọjọ́ inú rẹ̀ á di ásíìdì, irin á bọ́ sínú omi. Fúnra rẹ̀ nìkan, iṣẹ́ yìí ìbá falẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń gbé inú odò yìí tí wọ́n ń fi irin náà jẹun. Acidithiobacillus ferrooxidans àti Leptospirillum ferrooxidans wà lára wọn. Wọ́n ń gba agbára lára irin, wọ́n á sọ ọ́ di irúfẹ́ kejì tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, irúfẹ́ kejì yìí á sì padà lọ máa jẹ pyrite, kódà níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí. Iná tó ń ṣẹ́ igi fúnra rẹ̀ ni. Ásíìdì tó ti ibẹ̀ jáde ló ń yọ bàbà, zinc, cadmium, arsenic àti uranium kúrò lára òkúta tó bá pàdé lọ́nà.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń bá odò lọ ṣá. Lára àwọn òkúta etídò, nǹkan kan lẹ̀ pẹ́típẹ́tí tó ní àwọ̀ ìyeyè. Jarosite ni. Bó ṣe ń dì, ó ń gba òjé àti arsenic mọ́ra sínú ara rẹ̀, kò sì rọrùn láti gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì kan. Òkúta yìí náà ni ẹ̀rọ Opportunity rí lórí Mars ní 2004. Ní 2003, NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń wádìí ojú ọ̀run, àti àwọn onímọ̀ Sípéènì wá gbẹ́ ilẹ̀ Peña de Hierro, kí wọ́n lè mọ irú ẹ̀dá tó lè gbé nísàlẹ̀ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí n kò retí ni iyọ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú odò fà sẹ́yìn, ibi tó fi sílẹ̀ sì ti di ilẹ̀ iyọ̀: funfun bí ẹfun, òmíràn bí ìyeyè, òmíràn ní àwọ̀ ewé. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ṣíbí ike bu díẹ̀ sínú omi mímọ́. Kíákíá ló yòrò, omi náà sì kan. "Ẹ wo ojú ọ̀run," ló sọ fún wa. Àwọsánmà ti ń ṣú ní ìwọ̀-oòrùn.

Ọjọ́ kẹta, Ìṣẹ́gun. Minas de Riotinto

A kò bu omi púpọ̀ lónìí. A dúró létí Corta Atalaya, kòtò ìwakùsà tó jìn tó nǹkan bí 350 mítà, tí ògiri rẹ̀ rí bí àtẹ̀gùn àwọn òmìrán. Ó ti tó 5,000 ọdún tí èèyàn ti ń wa ilẹ̀ agbègbè yìí. Àwọn ará Róòmù wà á. Ilé-iṣẹ́ àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tó rà á ní 1873 wá wà á lọ́nà tí kò sí irú rẹ̀ rí.

Ní ayé ìgbà náà, wọ́n máa ń kó òkúta kùsà jọ bí òkìtì lórí pápá, wọ́n á tiná bọ̀ ọ́, á máa jó fún ọ̀pọ̀ oṣù. Imí-ọjọ́ inú rẹ̀ ló ń di èéfín. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 1888, àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ tí èéfín ti pa ohun ọ̀gbìn wọn jọ tú jáde sí gbàgede ìlú. Àwọn ọmọ ogun yìnbọn lù wọ́n. Títí di òní, wọ́n ń jiyàn lórí iye ẹni tó kú. "Ọdún Ìbọn" ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ọdún náà.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. A máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àná ni ayé mọ̀ pé ohun tó jáde nínú ilẹ̀ lè pa ènìyàn. Àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn kò ní ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́, ojú oko wọn ni wọ́n fi mọ̀.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́.

Ọjọ́ kẹrin, Ọjọ́rú. Niebla

Aago márùn-ún àárọ̀ la ti wà létí odò ní Niebla, lábẹ́ afárá tí àwọn ará Róòmù kọ́. Ètò wa ni pé ká bu omi ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ká sì máa lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n yí i padà: ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Èrò mi ni pé òjò yóò bu omi là, pé gbogbo nǹkan inú rẹ̀ yóò fúyẹ́. Ẹ̀rọ tó ń wọn bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú omi kọjá, èyí tó ń sọ iye iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀ fún wa, kò gbà fún mi. Láti aago méje ló ti ń gòkè. Ní aago mẹ́wàá, omi náà ti dúdú bí ẹ̀jẹ̀ tó dì, pH sì tún wálẹ̀ sí i. Gbogbo iyọ̀ tí a rí létí odò lánàá àti níjẹta, pẹ̀lú ti ẹ̀gbẹ́ gbogbo òkìtì kùsà tó wà lókè, ló ti yòrò tó ń bọ̀ wá bá wa. Ohun tí oòrùn fi ọ̀pọ̀ oṣù kó jọ, òjò òru kan ló tú u ká. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, iyọ̀ ti tán lórí ilẹ̀, ìgbà náà ni omi wá bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́ bí mo ṣe rò.

Mo ronú lórí èyí gan-an. Ẹni tó bá wá lọ́sẹ̀ tó kọjá yóò kọ iye kan sílẹ̀, ẹni tó bá wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò kọ òmíràn. Òótọ́ làwọn méjèèjì sọ, síbẹ̀ kò sí nínú wọn tó rí ọjọ́ tí odò gbé ẹrù rẹ̀ lọ sókun.

Ọwọ́ mi ti gbó. Gbogbo omi la fi asẹ́ tí ihò rẹ̀ kò ju 0.45 máíkírómítà lọ sẹ́, ká tó kán ásíìdì sí i. Ohun tó bá kọjá lójú asẹ́ la ń pè ní èyí tó yòrò, ohun tó bá kù sójú rẹ̀ la ń pè ní èyí tó dì mọ́ ekuru. Ẹ̀gbọ́n sọ pé àdéhùn lásán ni ààlà yẹn, pé ekuru irin kan wà tó kéré débi tí yóò yọ́ kọjá. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló ń lo ààlà kan náà, torí náà a lè fi tiwa wé tiwọn.

Ọjọ́ karùn-ún, Ọjọ́bọ̀. Ẹnu odò

Ọkọ̀ ojú omi kékeré la wọ̀ láti apá ibi tí òkun ti ń wọ inú odò. Palos kò jìnnà síbẹ̀, ìlú tí Columbus ti ṣíkọ̀ ní 1492. A ń lọ lọ́ra, a ń bu omi níbi mẹ́rìnlá, láti ibi tí omi ti kan gan-an títí dé ibi tí ó ti jẹ́ omi òkun pọ́nńbélé, tí pH rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 8.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ibi méjèèjì ni mo torí rẹ̀ yan iṣẹ́ yìí. Bí iyọ̀ òkun ti ń wọlé tí kíkan omi ń rọlẹ̀, irin kò lè yòrò mọ́. Á dì, á di ekuru àwọ̀ osùn, á máa rọ̀ sísàlẹ̀. Arsenic á so mọ́ ọn kíákíá, òjé náà á tẹ̀ lé e, torí náà ìsàlẹ̀ odò ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn méjèèjì parí sí. Zinc àti cadmium kò yá láti so. Wọ́n ń dúró de ìgbà tí pH bá ga gan-an, nígbà tí yóò sì fi ga, òkun ti gbà wọ́n lọ.

Ti uranium ló yà mí lẹ́nu jù. Nínú omi tó kan, ó ń yòrò. Bí kíkan bá dín kù díẹ̀, ó ń so mọ́ irin, á dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí. Àmọ́ bó bá tún ṣe díẹ̀ sí i tó kan omi òkun, carbonate inú òkun á fà á já kúrò lára irin, á tún yòrò padà. Ìdí nìyí tí gbogbo òkun ayé fi ní uranium nínú, nǹkan bí máíkírógíráàmù mẹ́ta nínú lítà kan, tí kò sì rọ̀ sísàlẹ̀.

Ìgbì ń gbé ọkọ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, òòrùn sì ń lọ wọ̀. Mo sẹ́ ike kọkànlá, mo dé e, mo kọ nọ́ńbà rẹ̀, mo gbé e sínú àpótí.

Ọjọ́ kẹfà, Ẹtì. Òkìtì funfun

Ní àárọ̀, mo ṣí àpótí, ike kọkànlá ni mo kọ́kọ́ rí. Omi tó mọ́ kedere lánàá ti ní èérí àwọ̀ osùn nísàlẹ̀ àti lára ike. N kò kán ásíìdì sí i. Gbogbo arsenic tó yẹ kó wà nínú omi náà ti so mọ́ irin, irin sì ti lẹ̀ mọ́ ike.

Ara mi bù máṣọ. Mo lọ sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n kí ó tó fojú ara rẹ̀ rí i. Kò bínú. Ó ní kí n má ṣe da nǹkan kan nù, kí n kọ wákàtí tí mo sẹ́ ẹ àti wákàtí tí mo rí èérí náà, pé a ó wọn omi rẹ̀ lọ́tọ̀, a ó sì fi ásíìdì fọ ike náà, a ó wọn ìyẹn náà lọ́tọ̀. Ẹ̀gbọ́n bá mi gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. "Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó nìyí o, àbúrò. Gbogbo ẹnu odò ló wà nínú ike yìí."

Lẹ́yìn náà la lọ sí àbàtà Tinto, sí òkìtì phosphogypsum, gypsum tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe ajílẹ̀ tán. A ní ìwé àṣẹ láti dé etí rẹ̀. Nǹkan bí 100 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ló wà níbẹ̀, ó sì bo ilẹ̀ tó ju 1,000 hẹ́kítà lọ. Lórí àbàtà náà gan-an ni wọ́n kó o jọ sí, láìtẹ́ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀.

Òkúta phosphate ni wọ́n ń lò láti ṣe ajílẹ̀, òkúta tó wá láti ìsàlẹ̀ òkun àtijọ́, tí uranium sì wà nínú rẹ̀. Nínú òkúta yẹn, uranium ń gbé pẹ̀lú gbogbo ọmọ rẹ̀: radium, radon, òjé-210, polonium. Òun ló ń bí wọn, wọ́n sì ti jọ wà láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún débi pé bí ọ̀kan ti ń tàn, ìyẹn bó ṣe ń tú ìtànṣán jáde, ni gbogbo wọn ń tàn. Ásíìdì imí-ọjọ́ tí wọ́n dà sórí òkúta ló tú ìdílé náà ká. Uranium, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, bá ásíìdì phosphoric lọ, ó sì bá a wọ inú ajílẹ̀. Radium kọ̀, torí ìwà rẹ̀ jọ ti calcium àti ti barium. Ó jókòó sínú gypsum. Òjé-210 àti polonium jókòó tì í. Ìyá lọ síhìn-ín, ọmọ lọ sọ́hùn-ún.

Ọ̀rọ̀ ìdílé yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1898, Marie àti Pierre Curie ṣàkíyèsí pé òkúta kan ń tàn ju bí uranium inú rẹ̀ ti yẹ kó tàn lọ. Bí wọ́n ṣe ń wá ohun tó fà á ni wọ́n fi rí polonium, tí wọ́n sì rí radium.

Nígbà tí ìyá ti lọ, ọjọ́ ayé ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ku ohun tí a ó máa kà. Nǹkan bí 1,600 ọdún ni ìdajì radium fi ń tán. Polonium-210 ń dín sí ìdajì ní ọjọ́ 138, ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn lè rò pé kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n òjé-210 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń gba nǹkan bí ọdún 22 kí ìdajì rẹ̀ tó tán, ó sì ń bí polonium lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ ni radium náà ń bí radon, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó ń ti inú òkìtì yọ jáde, tó sì ń ti ara rẹ̀ bí òjé-210 mìíràn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Títí di nǹkan bí 1998, ìdá kan nínú márùn-ún gypsum náà ni wọ́n ń tú sínú odò Odiel tààrà, èyí tó kù ni wọ́n ń kó síhìn-ín. Wọ́n dá títú sódò dúró nígbà náà, wọ́n sì dá kíkó jọ dúró ní ìparí 2010. Ní ẹsẹ̀ òkìtì, a rí omi tó ń sun jáde, pH rẹ̀ kò pé 3. Uranium tó kù sílẹ̀ pẹ̀lú omi ásíìdì wà nínú rẹ̀, ó sì ń wá ọ̀nà dé inú odò. Mo bu ike mẹ́fà. Mo kán ásíìdì sí gbogbo wọn, mo tún yẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀mejì.

Nǹkan mìíràn tún wà nínú àbàtà yìí. Ní oṣù Karùn-ún 1998, caesium-137 kan, èròjà tó ń tú ìtànṣán jáde, tó fara pamọ́ sínú àlòkù irin wọ iná ìyọ́rin ní Los Barrios, ní agbègbè Cádiz. Èéfín rẹ̀ dé ibi tí àwọn ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Faransé, Ítálì àti Jámánì fi rí i. Eérú iná náà ni wọ́n ti kó wá sí Huelva kí wọ́n tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ àbàtà yìí ló sì wà títí dòní. Amọ̀ ni caesium fẹ́ràn jù. Ó ń wọ àárín ewé-ewé amọ̀, á há síbẹ̀, kò sì wọ́pọ̀ kó jáde.

Ọjọ́ keje, Àbámẹ́ta. Ẹrẹ̀

A ti ike gígùn bọ ẹrẹ̀ nígbà tí òkun fà, a fà á jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀ tó gùn tó 60 sẹ̀ntímítà nínú rẹ̀, a gé e ní sẹ̀ntímítà méjì-méjì. Òórùn ẹyin tó bàjẹ́ gbòde. Òkè rẹ̀ ní àwọ̀ osùn, lẹ́yìn ìwọ̀n ìka mẹ́ta ó dúdú kirikiri.

Nínú dúdú yẹn, kò sí afẹ́fẹ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ibẹ̀ ń ṣe òdì-kejì iṣẹ́ tí àwọn ti orí òkè ń ṣe: wọ́n ń sọ imí-ọjọ́ inú omi òkun di irú èyí tó ń so mọ́ irin, tí pyrite á tún dì lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbà, zinc àti cadmium tó bá dé ibẹ̀ á há. Uranium pàápàá á yí padà sí irúfẹ́ tí kò lè yòrò. Bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá wa ẹrẹ̀ yìí jáde kí ọkọ̀ ńlá lè kọjá, tí wọ́n sì dà á sórí ilẹ̀, ohun tí mo rí ní Peña de Hierro ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Caesium tí àwọn bọ́ǹbù ìdánwò tú sójú ọ̀run, tó rọ̀ sílẹ̀ jù ní 1963, la fẹ́ fi mọ ọjọ́ orí ìpele kọ̀ọ̀kan. Níbòmíràn, òjé-210 ì bá bá wa ṣe ẹlẹ́rìí kejì. Níhìn-ín, òjé-210 ti ilé-iṣẹ́ ti dà pọ̀ mọ́ ti ojú ọ̀run, aago náà ti dàrú.

Ọjọ́ kẹjọ, Àìkú. Ojú ọ̀nà

A forí lé ìlà-oòrùn. Ká tó dé Seville, a dúró létí odò Guadiamar. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin 1998, ìdídò ìdọ̀tí ìwakùsà ya ní Aznalcóllar, omi kíkan àti ẹrẹ̀ dúdú sì ya bo ilẹ̀ tó ju 4,000 hẹ́kítà lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé inú ọgbà ìdáàbòbò Doñana. Wọ́n kó ẹrẹ̀ náà kúrò, wọ́n dá àwọn oko náà dúró, wọ́n gbin igi. Ọgbà ààbò ni gbogbo rẹ̀ báyìí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí a wo ilẹ̀ tí a dúró lé. Wọ́n da ohun tó jọ ẹfun sí i kí kíkan rẹ̀ lè rọ̀, nítorí zinc àti cadmium máa ń dì mọ́ ilẹ̀ nígbà tí pH bá ga. Ṣùgbọ́n arsenic kò rí bẹ́ẹ̀. Bí pH bá ń ga ni ọwọ́ rẹ̀ ń tú kúrò lára irin. Torí náà wọ́n tún ní láti da ilẹ̀ tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ mọ́ ọn, kí arsenic lè rí ohun púpọ̀ dì mú. Oògùn tó wo ọ̀kan lè jí èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ tún ilẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ kẹsàn-án, Ajé. Palomares

Òkun búlúù, oko lọ́tùn-ún lósì, àti ọgbà onírin kan tó dá dúró láàárín wọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1966, ọkọ̀ òfurufú ogun Amẹ́ríkà kan, B-52, forí gbárí pẹ̀lú èyí tó fẹ́ fún un lépo lójú ọ̀run. Èèyàn méje nínú àwọn atukọ̀ kú. Bọ́ǹbù hydrogen mẹ́rin já bọ́. Ọ̀kan bọ́ sókun; apẹja kan, Francisco Simó Orts, ló fi ibi tó bọ́ sí hàn wọ́n, oṣù Kẹrin ni wọ́n sì tó fà á jáde. Nínú mẹ́ta tó bọ́ sórí ilẹ̀, ohun abúgbàù lásán inú méjì bú. Kì í ṣe bíbú átọ́ọ̀mù, àmọ́ ó lọ plutonium lúbúlúbú, atẹ́gùn sì gbé e. Nǹkan bí 1,400 tọ́ọ̀nù ilẹ̀ ni wọ́n rọ sínú àgbá lọ sí ibùdó átọ́ọ̀mù Savannah River ní Amẹ́ríkà. Wọn kò kó gbogbo rẹ̀ lọ.

A kò wọ inú ọgbà náà. Ìta la dúró sí, mo sì tan ẹ̀rọ. Kò sọ ju ohun tó ń sọ níbi gbogbo lọ.

"Má jẹ́ kí ó tàn ọ́," ni ẹ̀gbọ́n wí. Ìtànṣán alpha ni plutonium ń tú jáde, awọ ara lásán tó láti dá a dúró, afẹ́fẹ́ ìwọ̀n ìka díẹ̀ sì tó. Ẹ̀rọ ọwọ́ mi kò lè gbọ́ ọ. Ohun tó ń mú kó léwu ni kí ènìyàn fà á símú, kó wá jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kì í yòrò, igi kì í fẹ́ fi gbòǹgbò fà á, òjò kì í gbé e lọ jìnnà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ó di ilẹ̀ mú gírígírí. Ilẹ̀ gan-an ló ń rìn: ọkọ́, katakata, atẹ́gùn.

Àwọn tó ń wá a ń lo ọgbọ́n kan tó wù mí púpọ̀. Plutonium-241 wà lára rẹ̀, ìdajì rẹ̀ sì ń di americium-241 ní nǹkan bí ọdún 14. Americium yìí ń tú ìtànṣán mìíràn jáde tí ẹ̀rọ lè gbọ́ láti òkè ilẹ̀. Ọmọ ló ń fi ibi tí ìyá wà hàn. Plutonium-239 ní tirẹ̀ kò ṣe tán lọ síbì kankan: ó tó 24,000 ọdún kí ìdajì rẹ̀ tó tán.

Ní ọ̀sán, atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti ìhà òkè wá, eruku dìde lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ méjì ń fi kẹ̀kẹ́ kọjá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo bojú wẹ̀yìn wo ọgbà náà, mo tún wo wọn. Ó dùn mí wọra pé a ti mọ gbogbo èyí láti 1966, tí ọgbà náà ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹwàá, Ìṣẹ́gun

Ojú ọ̀nà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Yìnyín inú àpótí yọ́ lẹ́ẹ̀mejì, a pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ kọkànlá, Ọjọ́rú. Láàbù

Kì í ṣe àwa la ń pinnu ohun tí a ó kọ́kọ́ ṣe, àwọn èròjà náà ni. Polonium ló ṣíwájú, torí lójoojúmọ́ ló ń dín kù, tí òjé-210 sì ń fi tuntun kún un. Bí a bá jáfara, a kò ní mọ èyí tó wá láti inú odò yàtọ̀ sí èyí tí a bí nínú ike. Ẹ̀gbọ́n ti kó tirẹ̀ lọ. Omi tí a kán ásíìdì sí lè dúró. Ike kọkànlá wà lórí tábìlì mi, lọ́tọ̀.

Èmi ni mo kó ẹrẹ̀. Mo gbẹ ẹ, mo lọ̀ ọ́, mo rọ ọ́ sínú ìgò kéékèèké ọgbọ̀n, ìgò kan fún ìpele kan. Ìtànṣán radium fúnra rẹ̀ kò rọrùn láti yà sọ́tọ̀ lójú ẹ̀rọ, ti àwọn ọmọ tí radon ń bí la ń kà dípò rẹ̀. Radon sì jẹ́ afẹ́fẹ́, ó lè sá. Nítorí náà a ní láti dé ìgò kọ̀ọ̀kan pa, kó má sí ibi tí yóò gbà jáde, kí a sì dúró kí òun àti radium tún wà ní ọgbọọgba. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ mẹ́rin kí ìdajì radon tó tán. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n tó bá ara wọn dọ́gba.

Mo fi lẹ́ẹ̀mù dí ẹnu ìgò ìkẹtàdínlógún, èyí tó ti ibi tí ẹrẹ̀ dúdú ti ní ilà pupa kan láàárín wá. Mo kọ ọjọ́ òní sára ìdérí rẹ̀, mo ka ọjọ́ 28 síwájú, mo kọ ìyẹn náà sábẹ́ rẹ̀, mo sì nawọ́ mú ìkejìdínlógún.